Ta Ni Ó Rántí Gòólù Owólabí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ni. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé, “Kí ni ó kan akọ̀wé àti olùkọ́ni nínú ìjọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù?” A bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ náà dé òpin, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ju ti bọ́ọ̀lù lọ, àwa fúnra wa ni ó sì kọ́kọ́ bá wí.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti rin ọ̀nà Èkó sí Benin ni ó mọ ìlú Ore. Oríta ni ìlú náà. Ọ̀nà kan ti Èkó àti Ìjẹ̀bú wá, ọ̀nà kan ń lọ sí Benin títí dé ìhà ìlà-oòrùn, ọ̀nà kan gba Oǹdó lọ, òmíràn sì gba Òkìtìpupa lọ sí ìhà etí omi. Ore ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ìlú Odigbo fúnra rẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Níbẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ máa ń dúró kí èrò lè jẹun, kí awakọ̀ sì lè na ẹsẹ̀. Nítorí náà, àwa tí a ń gbé ìhà ibẹ̀ kì í wá ìròyìn lọ. Ìròyìn ni ó ń wá wa bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a yà sí búkà kan lẹ́bàá gáréèjì láti jẹ iyán. Bọ́ọ̀sì kan tí ń lọ sí Benin dúró níbẹ̀ nítorí pé táyà rẹ̀ bẹ́, àwọn èrò inú rẹ̀ sì wọ inú búkà wá láti dúró de ẹni tí ń lẹ táyà. Tẹlifíṣọ̀n ń fi bọ́ọ̀lù àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè hàn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi fi ti òkèèrè sílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti ilé. Ẹnìkan ní kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí ó dàbí ti 1994. Ẹlòmíràn ní rárá, ti 1996 tí ó gba wúrà ní ìdíje Olympic ni ó ga jù. Nígbà náà ni bàbá àgbàlagbà kan, àgbẹ̀ kòkó láti Odigbo, gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀, ó wí pé:

“Ọmọdé ni gbogbo yín. Ẹ̀yin kò rí 1980. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí nìkan ni ó ju bọ́ọ̀lù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àwọ̀n Àlgéríà ní Sùúrùlérè.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn èrò ọkọ̀ náà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú o. Méjì ni Ọdẹ́gbàmí jù. Mudaṣírù Lawal ni ó ju ẹ̀kẹta.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò fèsì. Ó wo ilẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ fún yín: ojú ti àwa náà ní ìjókòó wa. Ìdí rẹ̀ ni pé fún ọdún púpọ̀ ni àwa pẹ̀lú ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní ọjọ́ ìsinmi, a ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tiwa nílé, pé Ọdẹ́gbàmí nìkan ni ó gba ife náà fún wa. A kò purọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Orúkọ ńlá kan ni ó ti gbé orúkọ kékeré mì, bí odò ńlá ti ń gbé ìṣàn kékeré mì.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, bàbá náà gbé orí sókè. Kò fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó bi ọmọ náà pé, “Ó dára, ọmọ mi. O ṣeun tí o tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí fóònù rẹ tó sọ ọ́, sọ èyí fún mi: ta ni ó gbé wa dé iwájú Àlgéríà?”

Ọmọ náà dákẹ́. Gbogbo búkà dákẹ́. Kò sí ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n.

“Felix Owólabí ni,” bàbá náà wí. “Mòrókò ni a bá gbá a. Gòólù kan ṣoṣo ni. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ̀yin rántí ọjọ́ ìyàwó, ẹ kò rántí ẹni tí ó san owó orí.”

Òtítọ́ ni bàbá náà sọ. Ẹ jẹ́ kí a to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1980 ni ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà ni Nàìjíríà na Tànsáníà ní 3 sí 1. Ní ọjọ́ 12, àwọn àti Ivory Coast gbá ọ̀mì, ẹnikẹ́ni kò jù. Ní ọjọ́ 15, wọ́n na Íjíbítì ní 1 sí 0. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 19, wọ́n pàdé Mòrókò ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni Felix Owólabí ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Láti ìṣẹ́jú kẹsàn-án náà títí dé àádọ́rùn-ún, kò sí gòólù mìíràn mọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n fi ń ṣọ́ gòólù kan ṣoṣo, bí adìyẹ ti ń ṣọ́ ẹyin, tí ọkàn gbogbo orílẹ̀-èdè sì wà lókè.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22, ni àṣekágbá. Ọdẹ́gbàmí jù ú ní ìṣẹ́jú kejì, ó tún jù ú nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ kù díẹ̀ kí ó parí. Lẹ́yìn ìsinmi ni Lawal ju ẹ̀kẹta. 3 sí 0 ni. Christian Chukwu, balógun ẹgbẹ́, gba ife. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ife náà di ti Nàìjíríà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ Sátidé. Ọjọ́rú ni wọ́n ti gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni, láìsí Ọjọ́rú, kò sí Sátidé.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú eré márùn-ún tí wọ́n gbá nínú ìdíje náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jù ú sí àwọ̀n Nàìjíríà. Tànsáníà ni ó ṣe é, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Láti ìgbà náà lọ, ilẹ̀kùn ti. Ta ni ó ń kọrin àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà? Best Ogedegbe ni ó ṣọ́ ilé ní ọjọ́ àṣekágbá. Chukwu, Túndé Bámidélé, David Adiele àti Okey Isima ni wọ́n dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ó jù ú. Ẹni tí ó bá mú un kúrò lẹ́nu àwọ̀n, kò sí ìwé tí a ń kọ tirẹ̀ sí. Gòólù tí kò wọlé kò ní orúkọ.

Nígbà tí a délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò tètè sùn. A ń rò ó pé, bí ó ti rí ní 1980, ǹjẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e? A bẹ̀rẹ̀ sí ka á lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni.

Ẹ wo 1994. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún náà, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà gbá eré àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ìdíje ife àgbáyé, ó sì na Bùlgáríà ní 3 sí 0. Kò sí ẹni tí kò mọ àwòrán Ràṣídì Yẹkínì, bí ó ti na ọwọ́ méjèèjì wọ inú àwọ̀n, tí ó di àwọ̀n mú, tí ó ń ké. Gòólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jù nínú ife àgbáyé nìyẹn, ó sì tọ́ kí a rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ó gbé bọ́ọ̀lù náà kalẹ̀ fún un? Finidi George ni ó gba ìhà ọ̀tún wá, tí ó sì tì í kọjá níwájú ilé, tí ó fi jẹ́ pé kí Yẹkínì na ẹsẹ̀ ni ó kù. Ẹni tí ó ké, a rí i. Ẹni tí ó sè é tí ó bù ú síwájú rẹ̀, ojú wa fò ó.

Ẹ wo 1996. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó mọ̀ pé Kanu Nwankwo ni ó lé Bràsíl lọ ní ìdíje Olympic, ní ọjọ́ 31 oṣù keje. Ní ọjọ́ náà, Bràsíl ti ń na wa ní 3 sí 1. Òfin ìgbà náà ni pé bí eré bá wọ àfikún àkókò, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jù ú ni ó borí, eré sì parí lójú ẹsẹ̀. Kanu jù ú nígbà tí àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó di 3 sí 3. Ó tún jù ú ní àfikún àkókò, ó di 4 sí 3. Bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Láti 1 dé 3, gòólù méjì ni. Kanu ju ọ̀kan. Ta ni ó ju èkejì? Victor Ikpeba ni, ní ìṣẹ́jú 78. Ṣáájú èyí, wọ́n ti fún Nàìjíríà ní pẹ́náritì kan, aṣọ́lé Bràsíl tí à ń pè ní Dida sì ti mú un lọ́wọ́ Jay-Jay Okocha. Ẹni tí ó bá ti wo bọ́ọ̀lù rí mọ ohun tí irú èyí ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí ó pàdánù pẹ́náritì nígbà tí ó wà lẹ́yìn pẹ̀lú gòólù méjì, ẹgbẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ikpeba ni ó jí i dìde. Kanu rí ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ikpeba ni ó ti fi èjìká ṣí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, wọ́n na Ajẹntínà ní 3 sí 2, wọ́n sì gba wúrà. Amunike ni ó ju èyí tí ó kẹ́yìn, ìdùnnú ọjọ́ náà sì tún bo Ikpeba mọ́lẹ̀.

Ẹ wo 2013. Orúkọ Sunday Mba ni ó kù lẹ́nu àwọn ènìyàn, nítorí pé òun ni ó ju gòólù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso ní àṣekágbá ní ọjọ́ 10 oṣù kejì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní, nígbà tí ìdíje náà kò tíì gbóná, Nàìjíríà wà ní bèbè àtilọ sílé. Ọ̀mì méjì ni ó ti gbá, 1 sí 1 pẹ̀lú Burkina Faso, 1 sí 1 pẹ̀lú Sámbíà. Ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré òun àti Etiópíà parí, ẹnikẹ́ni kò tíì jù. Nígbà náà ni wọ́n fún Nàìjíríà ní pẹ́náritì, Victor Moses sì gbá a wọlé. Nígbà tí eré fẹ́ parí, wọ́n tún fún un ní òmíràn, Moses náà ni ó tún gbá a wọlé. Sámbíà, tí ife náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 2012, gbá ọ̀mì tirẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Bí Moses kò bá ju méjèèjì, àmì wa ìbá dọ́gba pẹ̀lú ti Sámbíà, iye gòólù tí a jù àti èyí tí a jẹ ìbá sì dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ẹsẹ̀ ọkùnrin kan, lẹ́ẹ̀mejì, ni ó gbà wá. Lónìí, ẹ bi ọmọ ogún ọdún kan ní Ore pé kí ni Moses ṣe ní 2013. Mélòó nínú wọn ni yóò lè sọ ọ́?

A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn obìnrin. Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí ní búkà náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìyá tí ó ni búkà dáwọ́ iyán gígún dúró, ó wí pé, “Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kò ní dárúkọ àwọn ọmọ wa obìnrin ni?” Ó ní ẹ̀tọ́ láti bi wá bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, ní ìlú Rabat, àwọn obìnrin Nàìjíríà wà lẹ́yìn pẹ̀lú gòólù méjì sí òdo níwájú Mòrókò àti gbogbo èrò ìlú wọn, ní àṣekágbá ife àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n yí i padà, wọ́n sì borí ní 3 sí 2. Ife kẹwàá wọn nìyẹn. Jennifer Echegini ni ó ju gòólù tí ó parí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó sì kún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n Fọláṣadé Ijamilusi ni ó mú un dọ́gba, Esther Okoronkwo sì ni ó gbá pẹ́náritì tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ó tún gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún àwọn méjì tí ó kù. Ìyá náà mọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní òun ti fi kọ́ ọmọbìnrin òun, kí ó má bàa rò pé ẹni tí ó parí iṣẹ́ nìkan ni ó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ni ó ń fa irú ìgbàgbé báyìí? A ti ronú lé e lórí, a sì rò pé ohun mẹ́ta ni.

Èkínní ni pé òpin a máa gbé ìbẹ̀rẹ̀ mì. Ọjọ́ tí a gbé ife sókè ni ayẹyẹ wà, ọjọ́ náà ni àwọn ayàwòrán pọ̀ jù, ọjọ́ náà ni àwọn ìjòyè jókòó. Iṣẹ́ Ọjọ́rú kò ní ayẹyẹ.

Èkejì ni pé ìwé ìṣirò bọ́ọ̀lù kò gba ju orúkọ kan lọ. Nígbà àtijọ́, a kì í kọ orúkọ ẹni tí ó ti bọ́ọ̀lù fún ẹni tí ó jù ú. Fóònù ọmọ náà kò purọ́. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó sọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni pé etí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi rí bọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà. Ní 1980, àwọn tí wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ní ìletò wa kò pọ̀. Rédíò ni a kóra jọ yí ká. Ernest Okonkwo, tí ohùn rẹ̀ ń ti ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ wá, ni ó fún Ọdẹ́gbàmí ní orúkọ “Mathematical,” nítorí pé bí ẹni tí ń ṣe ìṣirò ni ó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Orúkọ bẹ́ẹ̀ a máa dúró lọ́kàn. Ẹni tí a bá fún ní oríkì ni a ń rántí. Ẹni tí kò ní oríkì, bí ó tilẹ̀ gbé òkè, a ó gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ̀yin ni ẹ mọ agbára oríkì ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwa ará Ore ní àpẹẹrẹ èyí nílé. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti gbọ́ “Ó le kú, ìjà Ore” rí. Àwọn ọmọ a máa fi ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ìjà wo ni. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra la ìhà Benin kọjá, tí wọ́n dé Ore, tí wọ́n sì pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kù. Àwọn tí ó kú ti lọ. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ogun tí ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ni a ó ti wí ti eré bọ́ọ̀lù?

Ìgbàgbé yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Etim Henshaw sì ni balógun wọn. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá a. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n dúró ní Freetown ní oṣù kẹwàá, wọ́n sì na àwọn ará Sàró ní 2 sí 0. Eré náà ni a kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá. Ìwọ̀nba àwọn ènìyàn tí ó bá tilẹ̀ rántí ìrìn àjò náà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n rántí. Gòólù méjì ti Freetown, tí ó ṣí ìwé gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e, kò sí lẹ́nu ẹnìkan.

Àwọn kan lè wí pé, “Kí ni èrè rẹ̀? Eré ni. Ẹni tí ó bá gbàgbé, kò pa ẹnikẹ́ni.” Àwa náà ìbá wí bẹ́ẹ̀, bí kò bá ṣe ohun tí bàbá ará Odigbo náà sọ fún wa kẹ́yìn.

Nígbà tí àwọn èrò ọkọ̀ ti ń padà sórí oúnjẹ wọn, ó sún mọ́ wa àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó wí pé:

“Ẹ rí i, ọjọ́ tí Owólabí jù ú yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni a jọ wà nínú oko. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ni rédíò. Ó so ó mọ́ igi kòkó kan. Nígbà tí ó wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ju àdá sílẹ̀, ó gbé mi, ó ń fi mí yí ká. Àgbà ọkùnrin bí èmi! Láti ìṣẹ́jú náà dé òpin, kò jókòó. Ó ń gbàdúrà, ó ń bú àwọn ará Mòrókò, ó tún ń gbàdúrà. Nígbà tí Sátidé fi máa dé, iṣẹ́ ti gbé e lọ sí Okitipupa. A kò jọ gbọ́ àṣekágbá. Ó kú ní ọdún kejì. Nítorí náà, tèmi, Ọjọ́rú ni ife náà. Gòólù Ọdẹ́gbàmí, gbogbo ayé ni ó ni ín. Ti Owólabí, ti èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ta ni yóò tún bá mi rántí ẹ̀gbọ́n mi?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. A ti rò pé bàbá náà ń jà fún Owólabí. Kì í ṣe Owólabí nìkan. Ohun tí à ń pè ní eré kékeré, òpó ni ó jẹ́ tí ẹnìkan fi ìrántí olólùfẹ́ rẹ̀ kọ́ sí. Bí a bá wó òpó náà, ohun tí ó kọ́ sí i a jábọ́.

A tún wá rí i pé àwọn méjèèjì, bàbá àti ọmọ, ni wọ́n nílò ara wọn. Bàbá ṣì í nípa Sátidé. Fóònù ọmọ tún un ṣe. Ọmọ kò mọ Ọjọ́rú; ẹnu bàbá ni ó ti gbọ́ ọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìrántí tí kò gba àtúnṣe a máa di ìtàn àsọdùn, bí ó ti rí fún àwa náà. Ìwé tí kò bi àgbà léèrè, egungun ni, kò ní ẹran lára. Ohun tí ó burú ni pé kí ọmọ fi ìwé rẹ́rìn-ín àgbà, tàbí kí àgbà torí ìtìjú kọ̀ láti gba òtítọ́. Bàbá náà gbà á ní gbangba, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” A kò mọ iye àwọn àgbà tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkókò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Mudaṣírù Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó lọ sí ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún láti 1976 dé 1984, kú ní 1991. Best Ogedegbe kú ní 2009. Yẹkínì kú ní 2012. Christian Chukwu, balógun 1980, kú ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àwọn tí ó gbá a ń lọ, àwọn tí ó gbọ́ ọ lórí rédíò náà ń lọ. Ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, ní 2011, ẹgbẹ́ Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ gbá bọ́ọ̀lù dé ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje Confederation Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí pé wọn kò gba ife náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi í sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó di ohun tí a gbàgbé nígbà tí àwọn tí ó rí i ṣì wà láàyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ilé, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò le. Ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá ti tán, kí ọmọ kan nínú ilé mú ìwé àti kálàmù, kí ó bi bàbá tàbí ìyá àgbà léèrè pé, “Gòólù wo ni ẹ rántí? Níbo ni ẹ wà? Ta ni ó wà lọ́dọ̀ yín?” Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá yẹ ọjọ́ àti iye rẹ̀ wò. Níbi tí àgbà bá ti ṣì í, kí ó fi ọ̀wọ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ó má pa èsì ìbéèrè kẹta rẹ́, nítorí pé kò sí ìwé mìíràn tí a ó ti rí i.

Ní tiwa, a ti ṣe àtúnṣe tí ó yẹ. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a dúró níwájú àwọn ọmọ tí a ń kọ́, a sì jẹ́wọ́ fún wọn pé ohun tí a ti ń sọ nípa 1980 kò pé. A kọ orúkọ mẹ́ta sí ara pátákó: Owólabí, Ọdẹ́gbàmí, Lawal. Ọmọ kékeré kan na ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ̀yin olùkọ́, ta ni ó wá ti bọ́ọ̀lù fún Owólabí?” A rẹ́rìn-ín, a sì sọ fún un pé iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kí ó lọ bi bàbá rẹ̀ àgbà.

Ó kù ohun kan. Nígbà tí wọ́n lẹ táyà tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí awakọ̀ ń fun fèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó dé ẹnu ọ̀nà búkà, ó sì padà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níwájú bàbá náà, ó tún yọ fóònù rẹ̀, ó wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n yín?”

Bàbá náà sọ ọ́. Ọmọ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀.